Ta Ni Yóò Ya Oòrùn Ìkọ̀lé?

Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí Ìkọ̀lé-Èkìtì. Bí agogo 12 bá ti fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kọjá, ẹni tó bá dúró ní gbangba lè wá òjìji ara rẹ̀ títí kó má rí i: abẹ́ bàtà rẹ̀ ló wà. Òpó iná kò ní òjìji, ògiri kò ní, ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ kò rí ẹ̀gbẹ́ ilé kankan sá sí. Ó tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àmọ́ ìkùukùu òjò kì í sábà jẹ́ ká fojú rí ti ìgbà yẹn. Láàárín oṣù méjèèjì yìí, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí àríwá, tí kò mọ oòrùn ọ̀sán láti ọdún tó kọjá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ìyá tó ń sá èlùbọ́ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnì kan fi ìwé kọ́ ọ. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó yí ẹní rẹ̀ padà. Àgbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ẹnì kẹta tó yẹ kó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó ni ayàwòrán, mo sì ń sọ ti ayàwòrán tó ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, tó ń ya ohun tójú rẹ̀ rí bí ojú ṣe rí i, nínú oòrùn, létí ọ̀nà. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ọ̀tùn, a bí agbẹ́gilére, a bí amọ̀kòkò, a bí ọ̀jọ̀gbọ́n bí ẹni dà á sílẹ̀. Ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ oòrùn àti ilẹ̀ ibẹ̀, bí wọ́n ṣe mọ ẹlòmíì mọ́ ìlú tirẹ̀, a kò tíì ní. Ìdí tí kò fi sí, àti ìdí tó fi yẹ kó wà, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Èkó, nítorí ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù wà. Bí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ bá délẹ̀ láàárín àwọn tó ń ya àwòrán ní ilẹ̀ wa lóde òní, orúkọ Abíọ́dún Olaku kì í pẹ́ jáde. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1958. Ó kàwé ní Yaba College of Technology, ó jáde níbẹ̀ lọ́dún 1981, ó sì sọ àwòrán yíyà di iṣẹ́ òòjọ́, kò fi kún iṣẹ́ ìjọba. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní Universal Studios of Art, nítòsí gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní National Theatre nígbà yẹn ní Igánmú. Àṣálẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: etí omi Mákòko nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ahéré orí òpó, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé, àtùpà kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, àti ìmọ́lẹ̀ wọn tó já sílẹ̀ sójú omi.

Àwòrán òru le yà ju àwòrán ọ̀sán lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á da ọ̀dà dúdú látinú agolo, á fi kun gbogbo ojú aṣọ, á wá fi pupa rẹ́súrẹ́sú ṣe iná. Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ kò ju ihò dúdú kan lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ pé òkùnkùn kò dúdú. Búlúù wà nínú rẹ̀, ewé gbígbẹ wà nínú rẹ̀, pupa ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé wọ́n rẹlẹ̀ ni. Iná àtùpà kò sì mọ́lẹ̀ nítorí pé ọ̀dà tí wọ́n fi yà á funfun. Ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ayàwòrán ní sùúrù láti má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun mìíràn nínú àwòrán náà mọ́lẹ̀ tó o. Tí ẹ bá dúró síwájú ọ̀kan nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná náà mọ́lẹ̀ lójú yín, ẹ óò rí bí gbogbo ìyókù ṣe máa kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ilé iṣẹ́ Igánmú yẹn náà ni olóògbé Bísí Fákẹ́yẹ ti ṣe àgbà fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà. Agbẹ́gilére ni, ọmọ ìdílé Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Orúkọ Fákẹ́yẹ yìí ló tún dá wa padà sí àríwá Èkìtì, nítorí pé Ọ̀yẹ́ ni èyí tó lókìkí jù nínú ìdílé náà, Làmídì, ti gba ìmọ̀ tó gbé e rìn káyé.

Lọ́dún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń pè ní SMA dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fáda Kevin Carroll àti Fáda Sean O'Mahony ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Èrò wọn ni pé kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì, ìlẹ̀kùn, ère, aṣọ híhun, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n má kàn máa kó ère wọlé láti Yúróòpù. Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì-Ìlọrin, wá síbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Wọ́n kógbá ibẹ̀ wọlé lọ́dún 1954, ọdún méje péré, àmọ́ iṣẹ́ tó tibẹ̀ jáde ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ààfin àti nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri. Làmídì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009.

Kí ló kan oòrùn níbẹ̀? Ó kàn án púpọ̀. Ẹ wo orí Ẹ̀pa, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé jó ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà. Wọn kò gbẹ́ ẹ fún inú yàrá. Ojúde ni wọ́n ń gbé e jáde sí, lọ́sàn-án, tí oòrùn á máa lù ú láti òkè. Èrò tèmi ni pé ìdí nìyẹn tí agbẹ́gilére fi jẹ́ kí ìpéǹpéjú yọ síta gbọngbọn, tó fi gbẹ́ abẹ́ gèlè àti igun ẹnu wọnú jinlẹ̀: ó ń wá ibi tí òjìji máa jókòó sí. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n tan iná sí i láti iwájú, ojú ère náà á kàn wú pẹ̀kí. Gbé e padà sí oòrùn agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, á tún jí. Àwọn baba wa tó gbẹ́gi mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí nǹkan. Ìmọ̀ yẹn ni kò bọ́ sọ́wọ́ oní-búrọ́ọ̀ṣì.

Kò bọ́ sí i lọ́wọ́ nítorí ìtàn kan tó gùn, tí mo máa gé kúrú. Àìnà Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ló kọ́kọ́ fi ọ̀dà olóròóró ya ènìyàn bí ènìyàn ṣe rí nílẹ̀ wa, tó sì gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀. Àwòrán ìyáàfin Spencer Savage tó yà wà láti ọdún 1906. Lásìkò tí àwọn òyìnbó kan ń sọ ọ́ lẹ́nu pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ débi kan, kó tó wọkọ̀ lọ sí London lọ́dún 1920 láti lọ kàwé. Nígbà tó dé ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó bí ọ̀nà ṣe ń kéré bó bá ṣe ń jìnnà, bí ilé ṣe ń fara pọ̀ mọ́ òfuurufú, tí àwọn ọmọ náà fi sọ ọ́ ní Mr Perspective. Akínọlá Lásẹ̀kan ti Ọ̀wọ̀, ẹni tó ń fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ gún ìjọba amúnisìn lára nínú ìwé ìròyìn West African Pilot, tẹ̀ lé ipa yẹn. Àwòrán Ajaka of Owo tó yà ní 1944 ṣì wà lára èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Ọnàbólú ló ń yọ ìjọba lẹ́nu pé kí wọ́n rán olùkọ́ iṣẹ́ ọnà mìíràn wá, wọ́n sì rán Kenneth Murray ní 1927. Ṣùgbọ́n Murray kò fẹ́ ọ̀nà ti Ọnàbólú rárá. Ó ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà padà sí iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀, kí wọ́n yé ṣe bí òyìnbó. Òyìnbó tó ní kí á má ṣe bí òyìnbó! Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1958, Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya wà nínú wọn, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa pa ọgbọ́n ilé àti ti òkèèrè pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Òṣogbo tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sókè. Nígbà tó sì di 1989, ẹgbẹ́ Ọ̀nà jáde láti Ifẹ̀, tí wọ́n gbé ọnà ara ògiri, ara aṣọ àti ara igbá ga.

Gbogbo wọn ló ṣe dáadáa, n kò bá ọ̀kankan jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó kàn jókòó sábẹ́ igi, tó ń ya oko bí oko ṣe rí, wá dà bí ẹni tí kò ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀dà ló ń dà, òṣìṣẹ́ òyìnbó ni, kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ lára débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ya igi kan tó dà bí igi á máa wá àwáwí tó máa ṣe fún olùkọ́.

Ẹni kan tó kọ etí ikún sí i ni Abáyọ̀mí Barber. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà rán an lọ sí London ní 1960, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Oscar Nemon, oníṣẹ́ ọnà tó mọ ère Winston Churchill. Nígbà tó padà délé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè, Yunifásítì Èkó gbà á, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó ń kọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní ọmọ ilé ìwé Barber. Ó ya òkúta tí ẹ óò fẹ́ fọwọ́ kàn, ó ya ìrísí àfẹ̀mọ́júmọ́ lórí òkè débi tí òtútù á fẹ́ mú yín. Ìgbà tí ẹ bá wò ó pẹ́ ni ẹ óò wá rí i pé òkúta náà ní imú, ó ní ètè. Ẹni tí kò bá lè ya òkúta bí òkúta ṣe rí, ta ló máa gbà á gbọ́ nígbà tó bá ní iwin wà nínú rẹ̀? Barber kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó ti lé ní 90 ọdún.

Ní ti àríwá Èkìtì gan-an, Moyọ̀ Ògúndípẹ̀ ni ọmọ ilé tó bá búrọ́ọ̀ṣì rìn jìnnà jù. Ìjẹ̀ṣà-Isu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkọ̀lé, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1948. Ó kàwé ní Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó gba oyè ní Yunifásítì Howard, ó sì gbé ní Colorado fún ìgbà pípẹ́. Ó kú ní 2017. Àwòrán rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú: ẹyẹ, obìnrin, ẹja, ewé, ọnà lórí ọnà, kò sí ibi tí ojú máa fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ oòrùn kò wọ inú wọn láti ibì kankan. Àwọ̀ ibẹ̀ ló ń tan ara rẹ̀ ní iná. Ẹ tún wo Jimoh Akolo, Yorùbá Òkun láti Ẹ̀gbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí kò jìnnà sí ààlà Ìkọ̀lé. Zaria ló lọ, ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Hausa ni ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn méjèèjì gba ibòmíràn lọ ya ibòmíràn. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Ìhín ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú mi.

Ẹ mú oko iṣu kan ní ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ìjẹ̀ṣà-Isu, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tán, tí iṣu kò tíì yọ ọwọ́. Ní agogo méje ààbọ̀ òwúrọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ebè kọ̀ọ̀kan á pọ́n bí ẹyin epo, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì ṣú, kì í ṣe dúdú, bí ẹ bá wò ó dáadáa, aró ló wà níbẹ̀. Òfuurufú ló ń tan búlúù rẹ̀ sí ibi tí oòrùn kò dé. Ìrì ṣì wà láàárín poro, ó ń dán. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo ebè á wó lulẹ̀ lójú. Kì í ṣe pé wọ́n wó, òjìji tó fún wọn ní ìrísí ló ti wọlẹ̀. Ilẹ̀ á kàn funfun ráúráú, tí ẹ óò máa ṣẹ́jú. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó pọ́n láàárọ̀ ló máa ṣú, èyí tó ṣú ló máa pọ́n, pupa rẹ̀ á sì jinlẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ, nítorí pé èéfín àti eruku ọjọ́ náà ti wà nínú afẹ́fẹ́.

Lọ́dún 1890 sí 1891, Claude Monet dúró létí oko ní Giverny ní ilẹ̀ Faransé, ó ń ya òkìtì ọkà tí àwọn àgbẹ̀ kó jọ. Ó ya nǹkan bí 25, òkìtì yìí kan náà ni, ní òwúrọ̀, nínú yìnyín, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó fi 15 nínú wọn hàn ní Paris lóṣù karùn-ún ọdún 1891, wọ́n sì tà wàràwàrà. Lónìí, owó tí wọ́n ń dá lé ẹyọ kan nínú wọn á kọ́ ilé ìwé ní gbogbo abúlé tó wà láàárín Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Kí ni òkìtì ọkà Giverny fi ju ebè Ìkọ̀lé lọ? Ènìyàn tó dúró wò ó ni.

Ẹ̀rọ kékeré kan ló jẹ́ kí Monet lè dúró síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú àpò-ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń tọ́jú ọ̀dà sí. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ lu ú tán, kò ṣe é dí mọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Goffe Rand, ló ṣe túùbù irin rírọ̀ tí wọ́n ń fún bí ọṣẹ ìfọyín lọ́dún 1841. Láti ìgbà yẹn ni ayàwòrán ti lè kó gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, kó gba oko lọ.

Oòrùn tiwa kò wá ní sùúrù bíi tiwọn. Ní ìlú òyìnbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrọ̀lẹ́ máa ń fa gùn, oòrùn á máa rọra yọ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ọ̀gbẹ́. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ṣe ló ń já wálẹ̀ tààrà. Bó bá ti wọ̀, kí nǹkan bí ìdajì wákàtí tó pé, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ ya pupa agogo mẹ́fà ààbọ̀ gbọ́dọ̀ ti po ọ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán á kàn fi àsìkò yẹn ya nǹkan kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí wọ́n kàn fi mọ àwọ̀, wọ́n á wá gbé e lọ sílé láti fi ya ńlá. Ìdí nìyí tí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá sọ pé kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ náà. Fóònù yín kò lè rí ohun tójú yín rí. Ẹ fi ya iwájú ilé ní ọ̀sán: bó bá mú òfuurufú dáadáa, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ sábà máa ń di dúdú kirikiri, bó bá mú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfuurufú sábà máa ń di funfun lásán. Ojú yín rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ayàwòrán náà sì rí wọn.

Ibi tí ohun tójú ń rí yìí ti hàn jù ni ara ènìyàn. Obìnrin kan ń rìn lójú ọ̀nà ilẹ̀pa, ó ru igbá, agogo méjì ọ̀sán ni. Ayàwòrán àtinú yàrá á mú àwọ̀ igi, á fi dúdú sí i níbi tó ṣú, á fi funfun sí i níbi tó mọ́lẹ̀. Ènìyàn náà á dà bí èyí tí wọ́n fi ṣokoléètì ṣe. Ẹni tó jáde síta á rí i pé iwájú orí rẹ̀ àti orí èjìká rẹ̀ ní búlúù díẹ̀, nítorí pé òfuurufú ló ń wò. Á rí i pé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tó yẹ kó ṣú, ń pọ́n, nítorí pé oòrùn tó lu ilẹ̀pa ti ta padà sókè. Ọ̀nà tó ń rìn lórí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà dúdú látòkè délẹ̀, ẹ kò ní rí èyí.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀. Eruku tó ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad bọ̀ máa ń gba orí gbogbo ilẹ̀ Hausa kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, oòrùn àárọ̀ á rí rubutu, funfun, a lè tẹjú mọ́ ọn. Òkè tó wà lókèèrè á parẹ́, èyí tó súnmọ́ á rí bí eérú. Kò sí òjìji tó mú. Àwọn kan ní oṣù yẹn kò dára fún àwòrán. Mo rò pé òun ló dára jù, nítorí àwọ̀ kan ṣoṣo, gèlè pupa kan ṣoṣo lójú ọjà Ìkọ̀lé, á gba gbogbo ojú. Lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà, ó ti yàtọ̀: òjò ti fọ eruku kúrò, òkè náà á sún mọ́ tòsí, ẹ óò rí igi kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀.

Ohun yíyà kò wọ́n. Àwọn amọ̀kòkò Ìsàn ń sun ìkòkò ní gbangba, èéfín á gba inú ìtànṣán kọjá. Amọ̀ Ìrè, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ bíríkì sílẹ̀ níbẹ̀, wà lára ògiri. Omi ìdídò Ìtàpájì wà, ti Ẹ̀rọ̀ wà ní Ìkún. Òrùlé páànù wà níbi gbogbo, tuntun tó ń tan síni lójú, àgbà tó ti dípẹtà. Bí òjò bá pa àgbà yẹn tán, tí oòrùn tún yọ, ẹ máà sọ fún mi pé àwọ̀ kan wà ní Ítálì tó jù ú lọ.

Kí ló wá dé? Owó ni, lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀dà tó dára, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ló sì ń sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ, eruku ọyẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń fi omi pò, tí wọ́n ń pè ní acrylic, á gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn wa kí ènìyàn tó sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn owó ni àwọn ará àdúgbò. Bí ayàwòrán bá gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀ létí ọ̀nà, ẹni àkọ́kọ́ tó máa dúró kò ní wo àwòrán. Á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọ̀nà ni ìjọba fẹ́ là gba ibí?" Bí wọ́n bá fi yé e pé àwòrán lásán ni, á béèrè èwo ni tibí yìí, ta ló fẹ́ ra oko ẹlòmíràn.

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwòrán tó ń bọ́ ayàwòrán nílùú wa ni ti olóògbé tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú pósí, ti ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́, ti olóṣèlú, àti pátákó ìpolówó. Inú fọ́tò ni wọ́n ti ń dà á, ojú ni oníbàárà sì ń rà. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ayàwòrán lè mú, àmọ́ ojú rẹ̀ kò ní là. Ti ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń yà yàtọ̀: ẹ rántí pé Ilé-Ifẹ̀ ni ayàwòrán Ben Enwonwu ti pàdé Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba, tó sì kọ́kọ́ yà á ní 1973. Ọ̀kan nínú àwòrán mẹ́ta tó yà nípa rẹ̀, inú ilé ẹnì kan ní London ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì tà á ní oṣù kejì ọdún 2018 ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá owó pọ́n-ùn, ìyẹn £1.2 mílíọ̀nù. Àwọn tó ń gbé inú ilé yẹn kò mọ ohun tó wà lára ògiri wọn. Ìyẹn ṣe mí bákan, nítorí mo mọ ilé mélòó kan nílé níbí tí wọ́n ti fi àwòrán dí ojú fèrèsé.

Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdó, ọ̀pọ̀ ògiri funfun ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìlú wa ló ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ń tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún, tí orí àwọn olóyè máa kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo ń bẹ ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ní ọdún kan péré, ẹ yọ orí méjìlá náà kúrò. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó ń ya àwòrán, ẹ ra ọ̀dà fún un, ẹ fún un ní yàrá kan àti oúnjẹ láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí iṣu tuntun máa jáde, kó máa ya ìlú yín lóṣooṣù bó ṣe ń rí i. Ẹ san owó rẹ̀ kó tó parí, ẹ má ṣe jẹ́ kó máa wá yín kiri. Bó bá sì gbé e dé, tí òjìji inú rẹ̀ ní búlúù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kó tún un ṣe kó lè jọ fọ́tò. Ẹ jáde síta, kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó.